Ohun tí Iná Kọ́ Mi

Iṣẹ́ epo pupa ni mo ń ṣe, ní abúlé kan lẹ́bàá Ikpinlè, ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ọ̀pẹ ni ó yí wa ká. Owó ọ̀pẹ ni a fi ń kọ́ ilé. Owó ọ̀pẹ ni a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí epo tí a lè ṣe láìdá iná. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àti bí a ti ń tọ́jú ẹni tí iná bá jó. Mo sanwó ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ mi ni ó bá mi san èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọjọ́ tí epo dà

Ní oṣù kẹta ọdún 2011 ni. Ẹyìn pọ̀ lọ́dún náà. A ti gbé àgbá ka iná láti àárọ̀ kùtù. Ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí ó jókòó sí abẹ́ igi. Mo bu epo gbígbóná sínú igbá, mo gbé e sí etí ààrò, mo sì yí padà láti fa igi iná. N kò tíì fa igi náà tán tí mo fi gbọ́ igbe. Ọmọ ti fa igbá epo náà. Epo dà sí i láti èjìká dé ìka ọwọ́ ọ̀tún. Díẹ̀ sì ta sí i láyà.

Ẹ gbọ́ o. Ìkòkò omi méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kún. N kò fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹnì kan kígbe pé kí n má da omi sí i, pé omi ni yóò jẹ́ kí ó lé ròrò. Ẹnì kan sáré mú ẹyin adìyẹ wá. Ẹlòmíràn po amọ̀. Ìyá ọkọ mi mú àdín wá. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kun ọmọ mi ní ẹyin, ní amọ̀, ní àdín, títí tí n kò fi rí awọ ara rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ kò sunkún mọ́. Mo rò pé ara ti ń tù ú. Àṣé ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ń béèrè omi ṣáá. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Ọkọ mi pe ọlọ́kadà kan, a gbé ọmọ, ó di ilé ìwòsàn ní Pobè.

Ohun tí mo rí ní ilé ìwòsàn

Nọ́ọ̀sì kan ni ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kò kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé. Ó bi mí pé, “Ìyá, aago mélòó ni epo náà dà sí i?” N kò mọ̀ ìdí tí ó fi ń bèèrè. Nísinsìnyí mo mọ̀. Ẹni tí iná jó dà bí ìkòkò tí ó sán. Omi ara rẹ̀ ń jò jáde láti ojú egbò, bí a kò tilẹ̀ rí i. Bí a kò bá dá omi náà padà, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn dáadáa mọ́, kíndìnrín kò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni náà sì lè kú. Wákàtí tí iná jó o ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye omi tí yóò gbà, kì í ṣe wákàtí tí a gbé e dé.

Ó wọn ọmọ lórí ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó na àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, èyí tí ara rẹ̀ dá, ó sì wò ó. Ó ṣàlàyé fún mi pé àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ó wá ka egbò náà. Ó ka méjìlá. Ó ní, “Bí ó bá ti tó mẹ́wàá lára ọmọdé, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára àgbàlagbà, omi ẹnu nìkan kò tó mọ́. A ní láti fa omi sí i lára.”

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ wá iṣan lára apá òsì rẹ̀, wọ́n sì so ìgò omi kọ́. Ìdajì omi ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n fún un láàárín wákàtí mẹ́jọ tí ó tẹ̀lé ìjóná náà. Ìdajì yòókù wọlé láàárín wákàtí mẹ́rìndínlógún. Nọ́ọ̀sì ń wọn ìtọ̀ ọmọ, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìtọ̀ bá ń wá dáadáa, a jẹ́ pé omi tó. Bí kò bá wá, omi kò tó. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tí ó máa ń mú kí ara gan tí ẹnu yóò sì pa pọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní láti bó gbogbo ohun tí mo fi kun ọmọ mi. Ẹyin ti gbẹ mọ́ ọn lára. Amọ̀ ti wọ inú ẹran. Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi mímọ́ rẹ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ké. Ó pe orúkọ mi, ó ní kí n wá gbé òun. Mo dúró níbẹ̀, mo sì di orí rẹ̀ mú. Ó pẹ́ gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé omi nìkan ni mo dà sí i láàárọ̀, ìyà yẹn kì bá tí jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà kò bú mi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ní, “Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Ohun tí wọ́n fi hàn yín ni ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí kí ẹ lè sọ fún ẹlòmíràn. Bí a bá sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná, ṣé ọbẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣì máa hó ni? Bẹ́ẹ̀ ni ẹran ara rí. Bí epo bá tilẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ooru rẹ̀ ṣì ń se ẹran lábẹ́ awọ. Omi ló lè pa ooru náà. Ẹyin kò lè pa á. Àdín kò lè pa á. Ńṣe ni wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀.”

Iṣẹ́ tí ó kù sílé

Ẹ̀yin ará, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé omi àti oògùn ọjọ́ kìn-ín-ní kọ́ ni gbogbo iṣẹ́. Ìtọ́jú egbò iná dà bí oko ọ̀pẹ: ẹni tí ó bá gbìn ín tí kò ro ó, kò ní rí èso.

Ní ọjọ́ méjìméjì ni wọ́n ń tú báńdéèjì ọmọ. Kí wọ́n tó tú u, wọ́n á ti fún un ní oògùn ìrora, wọ́n á sì dúró di ìgbà tí oògùn bá ṣiṣẹ́. Bí báńdéèjì bá lẹ̀ mọ́ egbò, omi ni wọ́n fi ń rẹ ẹ. Wọn kì í fà á ya. Wọ́n á fọ egbò náà, wọ́n á fi oògùn pa á, wọ́n á sì fi báńdéèjì tuntun dì í. Ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dì lọ́tọ̀, nítorí pé bí ìka méjì tí ó bó bá fara kan ara wọn, wọ́n lè lẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ti ń jiná.

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé oúnjẹ náà jẹ́ oògùn. Ara tí ó ń hun awọ tuntun nílò ohun tí yóò fi hun ún. Mo ń fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀pà, mo sì ń fún un ní ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Ẹyin tí mo kọ́kọ́ fi kun egbò, àṣé inú ikùn ni ibi tí ó ti wúlò.

Wọ́n tún fún mi ní pákó kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Wọ́n ní kí n máa dì í mọ́ apá ọmọ lálẹ́, kí ìgúnpá lè nà gbọnrangandan, kí ìka sì là sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Bí awọ bá ń jiná, ó máa ń sún kì. Bí ọmọ bá ká apá, kò ní dùn ún, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà ní kíká títí ó fi jiná, kíká ni yóò wà.” Ó ní kí n máa na ìka rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì. Nígbà tí a padà sílé, ọmọ máa ń sunkún bí mo bá ti mú pákó náà. Àánú ṣe mí. Mo máa ń dì í ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di òru, màá tú u kí ọmọ lè sùn. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí i pé ìka rẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn kò nà mọ́. Ìgúnpá là á já, nítorí pé mo sáré padà sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìka méjì náà ká títí di òní. Ó ń fi ọwọ́ náà kọ̀wé, ó ń fi ṣa ẹyìn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá na ọwọ́ láti gba nǹkan lọ́wọ́ mi, mo máa ń rí ìka méjì yẹn.

Ẹni tí egbò rẹ̀ bá jìn gan-an, awọ kò lè hù padà fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà máa ń gé awọ tínínrín láti ara itan aláìsàn náà, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí egbò. Ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu ní ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó burúkú. Kí ẹ má bẹ̀rù bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ síbẹ̀.

Àwọn dókítà pẹ̀lú ti ṣe é rí

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa ará oko nìkan ni ó ń fi nǹkan kun egbò iná. Láti ọdún 1925, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi oògùn kan tí a ń pè ní tannic acid kun egbò iná. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ náà ni ó wà nínú èèpo igi tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń sọ awọ ẹran di líle. Egbò á gbẹ, á sì le bí awọ bàtà. Wọ́n rò pé ó dára. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn jẹ́, ó sì ń sọ ìka di líle.

Ní ọdún 1942, iná jó ilé ìgbafẹ́ kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Cocoanut Grove ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn 492 kú. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n kó àwọn tí ó farapa lọ, àwọn dókítà kò kun egbò wọn ní nǹkan líle kankan. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi fasilíìnì pa ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì ń fún àwọn aláìsàn ní omi. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi àṣà àtijọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé kò dára. Kí ni yóò dí àwa náà lọ́wọ́?

Ọmọ aládùúgbò mi

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wà ní ọjà Ikpinlè. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà ń din àkàrà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọsẹ̀, epo inú agbada sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹnì kan ti mú ọṣẹ ìfọyín jáde. Mo ní, “Ẹ dákun, ẹ má fi í kàn án!” Mo gbé ọmọ náà, mo bọ́ bàtà rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tútù sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé, “Yóò lé ròrò o!” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí ó lé.” Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo aago lórí fóònù rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni a fi da omi. Mo fi aṣọ bo ìyókù ara ọmọ kí òtútù má baà mú un. Lẹ́yìn náà, mo fi aṣọ mímọ́ bo ẹsẹ̀ náà, a sì gbé e lọ sí ibùdó ìlera.

Egbò náà lé ròrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jiná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà dáadáa. N kò sọ pé omi nìkan ni ó ṣe é. Egbò tirẹ̀ kéré sí ti ọmọ mi, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀lé gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rí ọmọ náà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù, inú mi máa ń dùn, ó sì tún máa ń bàjẹ́ díẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Bí iná bá mú aṣọ ẹnì kan, kí ó má sáré. Afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ iná náà sí i ni. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó sì máa yí gbirigbiri nílẹ̀, tàbí kí ẹ fi aṣọ nínípọn bò ó.

2. Ẹ da omi tútù sí ibi tí ó jó fún ogún ìṣẹ́jú. Kí omi náà mọ́. Ẹ má lo yìnyín. Bí ẹ kò bá rí omi lójú ẹsẹ̀, omi tí ẹ bá dà láàárín wákàtí mẹ́ta ṣì wúlò.

3. Ẹ bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà kúrò kíákíá, nítorí pé ibẹ̀ yóò wú. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo tàbí omi gbígbóná ti rin. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á.

4. Ẹ má fi ẹyin, amọ̀, àdín, ọṣẹ ìfọyín, eérú tàbí ewé kun ún. Ẹ má bẹ́ ìléròrò.

5. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo egbò. Ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara kí ó lè móoru, pàápàá ọmọdé.

6. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn bí egbò bá tóbi, tàbí bí ó bá wà ní ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, abẹ́ tàbí oríkèé ara, tàbí bí ẹni náà bá fa èéfín símú, tàbí bí iná mànàmáná bá gbé e. Bí egbò bá funfun tàbí dúdú tí kò sì dunni, ẹ má rò pé ó kéré. Iná ti jó ibi tí a fi ń mọ ìrora ni.

7. Ní ilé, ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ tí ó jó wà ní nínà bí nọ́ọ̀sì ti sọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹkún ọmọ ṣẹ́gun yín bí ó ti ṣẹ́gun mi.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn 180,000 ni ìjóná ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Nínú ilé ìdáná ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ewu mìíràn tún wà. Ẹ mọ kpayo, epo mọ́tò tí ó ń wọlé láti Nàìjíríà, tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, létí ààlà. Ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n kú síbẹ̀, ọmọdé sì wà lára wọn. Àwọn mìíràn farapa burúkú. Ẹni tí ó ń tọ́jú kpayo sínú yàrá tí ọmọ ń sùn, iná ni ó fi sórí òrùlé. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń jẹ. Ó kéré tán, ẹ gbé e jìnnà sí ààrò, sí fìtílà àti sí ẹni tí ń mu sìgá.

Ní ìdí epo wa, a ti mọ ògiri kékeré yí ààrò ká báyìí. Ọmọdé kì í kọjá rẹ̀. Ìkòkò omi kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu láti mu tàbí láti fọ nǹkan. Ọmọ mi ni ó ń pọn ọ́n láràárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó fi ń gbé e kalẹ̀.

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí iná bá jó ẹnikẹ́ni lójú yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Omi wà níbẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyá yìí fi kun egbò ọmọ rẹ̀? Kí ló dé tí kò fi da omi sí i?
2. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi bèèrè aago tí epo dà?
3. Ìṣẹ́jú mélòó ni ó yẹ kí a fi da omi sí ibi tí iná jó?
4. Kí ni iṣẹ́ pákó tí wọ́n dì mọ́ apá ọmọ náà?
5. Níbo ni ẹ ń gbé kpayo tàbí epo fìtílà sí nílé yín? Ẹ jọ sọ ọ́ ní kíláàsì.